Lẹ́tà tí Ọwọ́ Ẹlòmíràn Kọ

Mo ṣe ìlérí ní oṣù tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń pa ẹja gbígbẹ mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò ni a ó jọ sọ ní oṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Ẹja náà yóò dúró. Ohun kan dé ẹnu ọ̀nà mi tí kò jẹ́ kí n lè kọ ọ̀rọ̀ ẹja, bí ẹ bá sì bá mi kà á dé òpin, mo rò pé ẹ̀yin náà yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ilé ni.

Ní Festac Town ni mo ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí a ṣe ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba ṣe kọ́ ọ, kí àwọn àlejò tí ó ti orílẹ̀-èdè gbogbo wá lè rí ibi sùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ni pé kí ìlú àjọ̀dún wa tó wà rárá ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírikíri ti wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níbẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n kọ́ ọgbà tí wọ́n ń pè ní Maximum. Èyí tí wọ́n ń pè ní Medium wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ti àwọn obìnrin náà sì wà. Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kan náà ni ìlú Kírikíri àti àwa wà. Ojoojúmọ́ ni a ń gba Mile 2 kọjá, tí a ń gbọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń ké orúkọ rẹ̀, a kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Ìgbà kan ṣoṣo tí orúkọ náà ń jáde lẹ́nu wa ni ìgbà tí a bá fẹ́ fi dẹ́rù ba ọmọ tí kò kàwé: "Ṣé Kírikíri ni o fẹ́ lọ ni?" Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ síbí kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ìyá kan wà tí mo máa ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Àgbójú. Ó ju mí lọ dáadáa, Màmá ni mo ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ó kan ilẹ̀kùn mi, tí ó fa àpòòwé kan yọ láti inú ìborùn rẹ̀. "Àǹtí tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwé yìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni ó ti wá." Mo mọ ọmọ náà láti ojú. Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ dánfó ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó máa ń bá ìyá rẹ̀ gbé àpò ata sọ̀kalẹ̀ ní ìdájí. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tí n kò ti rí i. N kò béèrè, nítorí pé mo rò pé ó ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, ó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi máa ń kọ́ wa pé kí á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí à ń kọ̀wé sí, kí á sì dá ara wa lóhùn pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Màmá sì tẹ́ etí sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ìdajì, ó mi orí. "Kì í ṣe ohùn ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí." Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ìlà tí ó kẹ́yìn, níbi tí ó ti sọ pé òun kábàámọ̀ ohun tí òun ṣe, kí ìyá òun dárí ji òun. Màmá dìde dúró. "Ó ní ó ṣe é?" N kò mọ ohun tí n ó sọ. Láti oṣù mẹ́rìnlá ni ọmọ náà ti ń sọ fún un pé òun kò ṣe é, òun náà sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ìwé kan péré dé, ó sì sọ ìyá di òpùrọ́ ní ojú ara rẹ̀.

Mo tẹ̀lé e lọ ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. N kò ní fi àlàyé bí wọ́n ṣe ń tú àpò wò àti bí oòrùn ṣe ń pa ènìyàn lórí ìlà gba àyè yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tí ọmọ náà sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè lẹ́tà náà. Òun kò mọ ìwé kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹlẹ́wọ̀n kan wà nínú yàrá wọn tí ó kàwé, tí ó ń bá àwọn yòókù kọ lẹ́tà. Ọmọ náà sọ fún un pé, "Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má bínú." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ó ń sọ. À ń sọ "má bínú" fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ, à ń sọ ọ́ fún ẹni tí òjò pa, à ń sọ ọ́ fún ìyá tí ìyà ń jẹ nítorí tiwa. Akọ̀wé náà wá inú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ń tọrọ àforíjì. Kò ṣe é láti pa ọmọ náà lára. Ó jọ pé bí ó ṣe ń parí gbogbo lẹ́tà tí ó bá ti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n jáde ni.

Ẹ ronú sí i. Ìyá kò mọ̀wé, ọmọ kò mọ̀wé. Láti ẹnu ọmọ dé etí ìyá, àjèjì méjì ni ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ wọn kọjá, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń kà, èmi sì ni èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà mọ sórí lẹ́tà ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ọmọ náà dé inú ọgbà yẹn, irú rẹ̀ náà ni.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí lọ́yà tí ó wá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ṣe là á yé wa. Ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wá sí ibùdókọ̀ ní òru, ó ní kí kọ̀ndọ́ bá òun gbé e sínú ọkọ̀. Ó bá a gbé e. Jẹnẹrétọ̀ olójì ni. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, ẹni tí ó ni ẹrù ti bẹ́ sílẹ̀, ó sì ti sá lọ. Ní àgọ́ ọlọ́pàá kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n bi ọmọ náà pé ta ni ó gbé e. Ó dáhùn pé, "Èmi ni mo gbé e." Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni pé òun ni òun fi ọwọ́ gbé e sókè sínú ọkọ̀. Ohun tí ẹni tí ń kọ sítétímẹ́ǹtì kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé òun ni òun mú un lọ. Wọ́n tún bi í ní ìbéèrè kan tí ó ní "kò" nínú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé èmi gan-an kò tí ì fiyè sí i rí títí lọ́yà náà fi là á yé mi. Nínú èdè wa, bí mo bá bi ọmọ pé, "Ìwọ kò sí níbẹ̀?" tí ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tí ó sọ ni pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ mi, òun kò sí níbẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, "yes" sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé òun wà níbẹ̀. Ọmọ wa sọ pé, "Yes sà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìwé sí iwájú rẹ̀, ó sì tẹ̀ka sí i. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé náà sí i létí.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ pé òun kò mọ̀wé. Ó wo ilẹ̀. Ojú ń tì í. Ó ti fi ọgbọ́n bo àìmọ̀wé rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kékeré: ó mọ àwọ̀ owó, ó mọ bí orúkọ ibùdókọ̀ ṣe rí lójú, ó ń fi ìṣirò orí san ṣéńjì fún èrò méjìdínlógún láìṣì. Kò sí ẹnìkan nínú ọkọ̀ tí ó mọ̀. Ǹjẹ́ ó fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá mọ̀? Ohun mìíràn sì ni pé àwa ni a kọ́ ọ pé kí ó má wo ojú àgbà, kí ó má jiyàn, kí ó máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni sà." Ẹ̀kọ́ rere ni, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní iwájú ẹni tí kò mọ àṣà wa, tàbí tí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí ó ń kánjú, ọmọ tí ó wolẹ̀ tí kò sì jiyàn ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Òfin kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ẹ̀yin ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀yin ni wọ́n máa ń sáré wá pè ní òru. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un ní ìkọ̀wé láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tí ó yé e. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá yàn láti bá sọ̀rọ̀. Abala 36 sọ pé bí èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù kò bá yé e, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tí ọdún 2011, sọ pé bí ẹnìkan bá fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sínú fídíò, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ ní ojú lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọ tàbí àbúrò yín, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu yín jáde, kí ẹ tó dárúkọ béèlì, ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò mọ̀wé. Ẹ bá a sọ Yorùbá, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ sí i létí." Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ìtìjú kò gbé ọmọ jáde rí.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ sì wà. Láti ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ tí a ń pè ní Office of the Public Defender. Màmá kò gbọ́ orúkọ ìkankan nínú méjèèjì rí fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹnìkan ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì pé òun yóò bá a wá lọ́yà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa, bíi méje ni kò tíì sí adájọ́ kankan tí ó dá wọn lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí. Ọmọ Màmá wà lára wọn.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ó kan ojú ìwé ìtọ́jú ilé nínú èyí. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, mo bi Màmá pé kí ló dé tí ọmọ náà kò fi kàwé. Ó ní ó lọ ilé-ìwé. Ó ní ó wọ kíláàsì kẹrin kí ó tó kúrò. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì, èéyi mú un, láti ìgbà náà ni etí rẹ̀ kan ti ń ṣọyún. Wọ́n fi àdín sí i, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ fọ̀ ọ́, ó ń gbẹ, ó sì tún ń yọ. Ní kíláàsì, ẹ̀yìn ni tíṣà fi í sí nítorí pé ó ga. Bí tíṣà bá pè é, kì í tètè dáhùn. Wọ́n ní olóríkunkun ni. Bí wọ́n bá ní kí ó kàwé, ó ń lọ́ tìkọ̀, wọ́n ní olódo ni. Wọ́n fi ẹgba kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin, ó gba ibùdókọ̀ lọ, kò sì padà.

A máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. N kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n ọmọ wà tí a rò pé a ń kọ́, tí ẹ̀kọ́ náà kò rí ọ̀nà gbà wọ inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ ojú ọ̀nà náà wò.

Etí ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Etí tí ó bá ń ṣọyún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kì í ṣe ohun tí à ń fi "yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀" tù ara wa nínú. Ó lè lu awọ inú etí jálẹ̀, kí ọmọ má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ ní àkókò tí ó yẹ kí ó máa kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ilé, gbígbẹ ni iṣẹ́ tiyín: ẹ ya aṣọ òwú funfun tí ó mọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lọ́ ọ bí òwú àtùpà, ẹ fi sí ẹnu etí kí ó fa omi náà mu, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn sí i títí yóò fi gbẹ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ má fi àdín sí i, ẹ má fi omi ọyàn sí i, ẹ má sì fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná kàn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìtọ́jú aláboyún ìjọba, nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án àti nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ ìyá ń gba ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ń gbàgbé èkejì.

Ohun kan tún wà nínú àpótí aṣọ wa tí mo gbọdọ̀ dárúkọ. Káńfọ̀ funfun róbótó tí a ń jù sáàárín aṣọ kí ìyá-aṣọ má baà jẹ ẹ́. Nínú àwọn ọmọkùnrin wa, ní bí márùn-ún sí márùn-ún, ó ṣe é ṣe kí ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ tí kò lè fara da òórùn káńfọ̀. Bí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí ó ti sùn ti káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa tú, kí ibà pọ́njú sì mú un gidigidi. Ibà pọ́njú tí ó bá le, tí ó sì pẹ́ lára ọmọ ọwọ́, a máa ba ọpọlọ jẹ́, a sì máa di etí pátápátá. Bí ojú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yín bá ń pọ́n bí epo tí a là, ẹ má ṣe dúró de oòrùn àárọ̀, ẹ má sì fún un ní omi ewé kankan mu. Ọsibítù ni, ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ti aṣọ ọmọ, oòrùn àti ọṣẹ tó. Ẹ kó káńfọ̀ náà jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni etí ń yọ lẹ́nu. Àwọn kan wà tí etí wọn gbọ́, tí ojú wọn ríran, tí orí wọn pé, tí ẹnu wọn sì dùn, síbẹ̀ tí lẹ́tà kì í dúró níbi kan lójú wọn. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní disléksíà. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àṣìta, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ka "b" sí "d". A máa ka ìwé kan láì wo ojú ìwé nítorí pé ó ti há a sórí láti ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A máa wo àwòrán kí ó tó sọ ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ bo àwòrán náà mọ́lẹ̀, ẹ ó rí i. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2000 rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n dán wò tí ó ní ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó kéré púpọ̀ sí èyí láàrin àwọn ará ìta. Ní Bìrìtìkó, àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ rí i pé ó ju ìdajì àwọn ọ̀dọ́ tí ó bọ́ sọ́wọ́ òfin lọ tí ọ̀rọ̀ kì í yé dáadáa tàbí tí wọn kò lè to ọ̀rọ̀ ara wọn jọ. Ẹ má ṣe túmọ̀ èyí sí pé ọmọ tí kò mọ̀wé yóò di olè. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè kà tí kò sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ jù nínú àgọ́, nígbà tí ọlọ́rọ̀ ti rí ọ̀nà jáde.

Ìdáwọ́lé tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ lórí èyí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, Bìrìtìkó ni ó wà. Àgbẹ̀ kan, Christopher Morgan, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹlẹ́wọ̀n kan, Tom Shannon, kọ lẹ́tà síra wọn. Láti inú lẹ́tà wọn ni Shannon Trust ti wáyé ní ọdún 1997. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó mọ̀wé ni ó ń kọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí kò mọ̀wé, àwọn méjì péré, ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀. Kò sí kíláàsì, kò sí pátákó, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ní tiwa níhìn-ín, Yunifásítì NOUN ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà Kírikíri, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ti gba oyè níbẹ̀. Mo yìn wọ́n. Òfin tí ó yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà ní ọdún 2019 náà fi ẹ̀kọ́ sí iwájú. Ṣùgbọ́n ọmọ Màmá kò lè wọ yunifásítì. A, B, D ni ó ń wá.

Mo sì gbàgbọ́ pé A, B, D ti Yorùbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá a pàdé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n mọ iṣẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ìdí kan wà tí ó yé èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ilé. Yorùbá ń kọ ohun tí ẹnu sọ: "ba," "ta," "ba-ta," bàtà. Ọmọ lè fi ọwọ́ pa á ní ìpa méjì. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Bí a bá fi ọmọ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ há síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, a ti dì í ní ojú kí a tó ní kí ó sáré.

Ní alẹ́, nígbà tí ẹ bá ń dúró de ẹ̀wà kí ó jinná, ẹ da gàrí díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà kan péré sí i, kí ó máa pe ohùn rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́. Ẹ gbọn àwo, kí ó tún un kọ. Ẹ pa àlọ́ fún un kí ó sọ ọ́ padà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé sísọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ jẹ́ iṣẹ́ tí à ń kọ́, ọjọ́ kan sì lè dé tí yóò nílò rẹ̀ níwájú àjèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Bí ó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò sì tíì lè ka "bàtà," ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹgba. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó mú un wá sí ìjókòó iwájú. Ọmọ tí kò bá gbọ́ràn rárá, ilé-ìwé wà fún un; Wesley School for the Deaf wà ní Sùúrùlérè.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé tí aládùúgbò ń wá bá pé kí ẹ bá òun kọ lẹ́tà tàbí fọ́ọ̀mù. Òfin kan wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì ka ìwé náà sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Ẹ máa ṣe é. Èmi náà kò ṣe é tẹ́lẹ̀.

Mo bá Màmá kọ èsì lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde gẹ́lẹ́, títí kan èébú díẹ̀. Mo kà á sí i létí, mo fi orúkọ mi sí i. A bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí yóò dáhùn fún un náà fi Yorùbá kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé, ìlà méje, kò béèrè àlàáfíà, kò fi ògo fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ta ni ó ń bá wọn gbé àpò ata ní ìdájí. Ó ní ṣé orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú ránṣẹ́, nítorí pé èéyún ti bo òun lára. Ó ní òun kọ́ ni òun jí i. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo lẹ́tà tí kò lè kà yẹn fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí," ni ó wí.

Lọ́yà ti tọrọ pé kí wọ́n yẹ sítétímẹ́ǹtì náà wò. Adájọ́ ti sún ẹjọ́ náà síwájú ní ẹ̀ẹ̀kan, a ó sì tún lọ ní oṣù tí ń bọ̀. Màmá ti ń wá sí ilé mi ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ọjà. Ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n "gb" ń bá a jà. Ó máa ń sùn lọ lórí àga nígbà mìíràn, n kì í sì í jí i.

Ní oṣù tí ń bọ̀, ẹja gbígbẹ náà nìyí, mo ṣèlérí. Ẹ tọ́jú ìgò onídèérí fífẹ̀ kan àti ata gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Ó dìgbà náà.